Kí ló dé tí Ubuntu, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi, fi kọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi lónìí, nígbà tó gbà á lánàá?

Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín rẹ́ o. Kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, AZERTY ti Faransé ni, èyí tí lẹ́tà òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, Z, E, R, T, Y. Bí Ubuntu bá ń kà á bíi ti Amẹ́ríkà, ẹ tẹ A, Q ló máa kọ. Ẹ di Shift mú láti tẹ 2, bí a ṣe ń ṣe lórí AZERTY, @ ló máa jáde. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà síbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ, ẹ ó fojú ara yín rí i.

Láti wọlé, ẹ tẹ Q dípò A, W dípò Z, ẹ má sì fọwọ́ kan Shift fún nọ́ńbà. Lẹ́yìn náà, nínú terminal (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà), ẹ tẹ èyí:

sudo dpkg-reconfigure keyboard-configuration

Ẹ yan French, kí ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ tún un tàn.