Auto-Tune sọ ohùn mi di ti ẹ̀rọ: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Orin ẹ̀mí ni mò ń kọ, ilé ni mo sì ti ń gba ohùn mi sílẹ̀. Bí mo bá fi Auto-Tune, ètò kọ̀ǹpútà tó máa ń fa ohùn tó yẹ̀ padà sórí nóòtì, sí i, á dà bí ẹni pé ẹ̀rọ ló ń kọrin. Bí mo bá yọ ọ́, gbogbo ibi tí mo ti yẹ̀ á hàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n kọ retune speed sí. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ẹ̀rọ náà ṣe máa yára fa ohùn yín sórí nóòtì. Tó bá wà lórí 0, ohùn kò ní ráyè rọra gòkè tàbí kó gbọ̀n; irú èyí tí gbogbo ayé gbọ́ lẹ́nu Cher, olórin ará Amẹ́ríkà, lọ́dún 1998 nìyẹn, ó sì dáa fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ ẹ. Ẹ gbé tiyín sí bíi 30 sí 50. Kíì orin yín gan-an, ìyẹn àwọn nóòtì tí orin náà ń lò, ni kí ẹ mú, ẹ má fi í sílẹ̀ sórí chromatic, tó ń gba gbogbo nóòtì wọlé.

Ibi tó máa ń ká mi lára jù ni ti èdè wa. Tí ẹ bá kọ “ọkọ̀ mi”, ohùn yín á sọ̀ kalẹ̀ lórí “kọ̀”. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kó di “ọkọ mi”. Ẹ̀rọ kò gbọ́ Yorùbá. Àṣìṣe ló máa pè é, á sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo ti tún orin kan ṣe rí tí arábìnrin tó kọ ọ́ ń dúpẹ́ ọkọ̀ tuntun, àmọ́ tí ọkọ tuntun ń jáde. Ọwọ́ ni mo fi tún un ṣe. Nínú Melodyne, ètò àtúnṣe ohùn mìíràn tí wọ́n ṣe ní Jámánì, nóòtì kọ̀ọ̀kan máa ń hàn bí ìṣù kékeré, ìlà kan á sì máa tẹ̀ kọjá nínú rẹ̀. Ìṣù yẹn ni kí ẹ gbé lọ síbi tó yẹ. Ìlà tó ń tẹ̀ ni ohùn ọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe o. Láàárín nóòtì kan sí èyí tó múlé tì í, cents 100 ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá fi bíi 10 yẹ̀, èmi kì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ìlù nígbà tí ẹ bá ń kọrin, kí ẹ sì pa fáànù, torí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n tẹ̀ lé. Kí àtúnṣe ṣáájú reverb, ìyẹn gbohùngbohùn tí wọ́n máa ń fi sí ohùn. Ìlà tó bá sì yẹ̀ jìnnà, ẹ tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ẹ mú èyí tó dáa jù nínú wọn.

Tí ẹ bá parí, ẹ fún ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà rí gbọ́, kó máa sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Ibikíbi tó bá ti pe ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ padà síbẹ̀.