Ọmọ mi fẹ́ ṣe ọba abuké ní súkúù, màmá mi ní Ìlọrin ò gbà

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ bá mi dá sí i. Súkúù ọmọ mi níbí ní Leicester fẹ́ ṣe eré Richard III ti Shakespeare, ọba Gẹ̀ẹ́sì kan láyé àtijọ́, wọ́n ti sọ ọ́ di ti ayé ìsinsìnyí, yunifọ́ọ̀mù ṣọ́jà ni wọ́n máa wọ̀, orí fóònù ni wọ́n ti ń rán ara wọn níṣẹ́ ikú, ọmọ mi ni wọ́n sì mú pé kó ṣe ọba. Inú mi dùn o, àfi ìgbà tó ní wọ́n máa ki píló sóun lẹ́yìn kóun lè jọ abuké. Màmá mi ní Pàkátà gbọ́ ọ lórí WhatsApp, wọ́n ní láéláé, a kì í fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọmọ àwọn ò sì ní ṣe ìkà tó pa ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má yọ ọ́ jàre, Àlàájà mi. Píló yẹn ni kẹ́ ẹ yọ.

Ọmọ Òmù-Àrán lèmi, Kánádà la wà, ohun tí Màmá sọ lórí abuké yẹn ò ṣàjèjì sí mi. Ẹni òòṣà ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́dọ̀ tiwa, kódà nílé Mùsùlùmí tí wọn kì í dárúkọ òòṣà, ọmọ tó bá sín abuké jẹ á gbàbàrá. Ṣùgbọ́n ìlú yín gan-an ni wọ́n ti hú ọba yìí ní 2012, lábẹ́ káà páàkì, níbi tí ilé àwọn fáda wà láyé àtijọ́, wọ́n fi DNA àwọn tó wá látìdí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin yẹ egungun ẹ̀ wò, òun ni lóòótọ́. Eegun ẹ̀yìn ẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká kan á ga ju ìkejì lọ, àmọ́ kò ní iké, apá tí Shakespeare ní ó rọ yẹn náà ò rọ, àwọn dókítà tiẹ̀ ní tí télọ̀ bá mọṣẹ́, èèyàn lè má fura.

Ta ló wá gbé iké rù ú? Henry Tudor ló ṣẹ́gun ẹ̀ lójú ogun Bosworth ní 1485, ibẹ̀ ni wọ́n pa á sí, kò tíì lò ju bí ọdún méjì lọ lórí oyè. Elizabeth Kìíní tó wà lórí oyè nígbà tí Shakespeare kọ eré yìí, ọmọ-ọmọ Henry yẹn ni. Ta ló fẹ́ dúró lójú ọbabìnrin kó máa yin ẹni tí bàbá bàbá ẹ̀ gba adé lórí ẹ̀? Ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjì yẹn, wọ́n wọ Tower, ilé olódi ọba ní London, ní 1483, wọn ò rí wọn mọ́, ọ̀pọ̀ gbà pé Richard ló ni iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rí tó dájú ni ò sí.

Ọmọ Ìlọrin ló yẹ kó tètè yé jù. Ẹ ní kí Màmá sọ ti Àfọ̀njá fún un. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ ní Ìdí-Àpẹ́ kọ́ ni wọ́n máa sọ ọ́ láàfin ẹ́míà, tẹ́ ẹ bá tún dé Ọ̀yọ́, wọ́n á ní ọlọ̀tẹ̀ ni, èpè Aláàfin Aólẹ̀ ló jà á, ọkùnrin kan náà o, síbẹ̀ tí wọ́n bá ń ki ìlú, Ìlọrin Àfọ̀njá náà ni.

Ẹ kọ̀wé sí tíṣà, kó má gùn. Ẹ sọ pé ní 2022, Royal Shakespeare Company, ẹgbẹ́ eléré ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún òṣèré Arthur Hughes ní ipa ọba yìí, aláàbọ̀ ara lòun náà, apá ẹ̀ ọ̀tún ni, òun sì ni aláàbọ̀ ara àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ṣe é níbẹ̀. Tí súkúù ò bá ní irú ẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀yìn ọmọ yín sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìkà Richard ò sí lẹ́yìn ẹ̀, ẹnu ẹ̀ ló wà, á kọjú sí èrò ìwòran, á bá wọn ṣàwàdà, á sọ ẹni tóun fẹ́ pa fún wọn, àwọn náà á máa rẹ́rìn-ín.

Ti Màmá ò le. Ẹ ní iké ti kúrò, ìkà nìkan ló kù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe é ṣáá. Tí wọ́n bá ṣì ń jà, ẹ fi fídíò ibi tí ọba ti ń pariwo pé òun á fi ìjọba òun gba ẹṣin ránṣẹ́ sí wọn, ẹṣin leégún ilé wọn náà kọ́? Kí tíṣà má ṣáà torí yunifọ́ọ̀mù sọ ẹṣin yẹn di jíìpù.