"Hardwick Hall, more glass than wall": ṣé ìyìn ni àbí èébú?

Ẹ̀gbọ́n wa tí ọmọ wọn mú "Hardwick Hall, more glass than wall" bọ̀ láti síkúùlù (Hardwick Hall jẹ́ ilé ńlá àtijọ́ kan ní Derbyshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), tí wọ́n ń béèrè ìtumọ̀ ẹ̀ àti pé ṣé wọ́n ń yin ilé yẹn ni àbí wọ́n ń bú u, ẹ kú ìbéèrè. Mo rí i tí àwọn kan ti ń dáhùn pé torí owó orí fèrèsé ni. Rárá o. Lóòótọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba owó orí lórí fèrèsé nígbà kan, àmọ́ 1696 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, wọ́n sì fagi lé e ní 1851. Ilé tá à ń sọ yìí, wọ́n ti parí ẹ̀ láti 1597, obìnrin tó kọ́ ọ sì ti kú láti 1608, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ nípa owó orí fèrèsé?

Ohun tí wọ́n ń wí ò ju pé gíláàsì ilé náà pọ̀ ju ògiri ẹ̀ lọ. "Hall" àti "wall" bára mu létí, ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn lẹ́nu ọmọdé. Àmọ́ kó tó lè yé èèyàn dáadáa, àfi kéèyàn mọ ohun tí gíláàsì jẹ́ láyé ìgbà yẹn. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe gíláàsì ńlá gbàràmù bíi tòní nígbà yẹn, wẹ́wẹ́ ni, wọ́n á wá máa fi òjé so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òjé yìí kan náà tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá ń wọ̀ sọ́rùn ọwọ́. Ó wọ́n débi pé àwọn olówó míì tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, wọ́n á ní kí wọ́n tú gíláàsì fèrèsé sílẹ̀ kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ títí wọ́n á fi dé. Ẹ wá wo ẹnì kan tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bo iwájú ilé látòkè délẹ̀. Ó dà bí ìgbà téèyàn fi léèsì olówó ńlá ṣe ìnusẹ̀ ẹnu ọ̀nà.

Bess of Hardwick ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ọkọ mẹ́rin ló fẹ́. Òun àti ẹni ìkẹrin, George Talbot tó jẹ́ Earl of Shrewsbury (oyè ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), jà títí wọn ò fi lè gbélé pọ̀ mọ́, ló bá kẹ́rù ẹ̀ padà sílé bàbá ẹ̀ ní Derbyshire, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé síbẹ̀. Ọdún 1590 tí ọkùnrin yẹn kú náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ilé kejì, ìyẹn èyí tí wọ́n ń kọrin sí, bẹ́ẹ̀ ti àkọ́kọ́ ò tíì parí o! Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn. Èyí àkọ́kọ́ ò ní òrùlé mọ́ báyìí, àwókù ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó dojú kọ èyí tuntun. Robert Smythson, tó jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń fi òkúta kọ́lé, ni wọ́n gbà pé ó ya pláànù ẹ̀. Ní ti gíláàsì, Bess ní ibi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ dúró síwájú ilé kẹ́ ẹ máa gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé ìsàlẹ̀ kéré, tàwọn òṣìṣẹ́ nìyẹn. Ti àárín tóbi jù ú lọ, ibẹ̀ ni ìyá náà ń gbé. Ti òkè pátápátá ló wá ga jù, ibẹ̀ ló ti ń gbàlejò àwọn èèyàn ńlá, torí náà èèyàn lè dúró síta kó mọ ẹni tó ń jókòó síbo. Wọ́n tiẹ̀ ṣe àmì ọba sókè ibi ìdáná nínú yàrá àlejò ńlá yẹn, àmọ́ Ọbabìnrin Elizabeth ò débẹ̀ rí títí tó fi kú. Ìsàlẹ̀ sì ni ilé ìdáná wà o, kí wọ́n tó gbé oúnjẹ gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn, ẹ̀yin náà ẹ ro bó ṣe máa tutù tó.

Kí ààyè lè wà fún gíláàsì, inú ògiri àárín ilé ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ihò èéfín sí dípò ògiri ìta. Síbẹ̀ kò tó. Torí wọ́n fẹ́ kí iwájú ilé dọ́gba, àwọn fèrèsé kan wà tó jẹ́ pé gíláàsì ni lóde, tó jẹ́ pé ògiri ló wà lẹ́yìn ẹ̀, kò ṣí sí yàrá kankan. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín sí i, torí orin náà ní gíláàsì ju ògiri lọ, bẹ́ẹ̀ òmíì nínú gíláàsì yẹn ògiri gan-an ni.

Torí náà lójú tèmi, ìyìn àti yẹ̀yẹ́ ló wà nínú ẹ̀ pọ̀, bíi kí onílù máa kì yín lóde kó sì tún fọgbọ́n bù yín jẹ. Òtútù Derbyshire kì í ṣeré, gíláàsì kì í sì í jẹ́ kí ooru dúró nínú ilé. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye igi tí wọ́n dáná. Aṣọ ògiri tí wọ́n hun àwòrán sí ni Bess fi bo inú ilé. Ní 1592 ó ra mẹ́tàlá nínú ẹ̀ tí wọ́n hun ìtàn Gídíónì inú Bíbélì sí, ní nǹkan bí £326, ó sì ní kí wọ́n yọ £5 kúrò torí àmì ìdílé olówó wọn tẹ́lẹ̀ wà lára ẹ̀, òun á sì ní láti fi tòun bò ó. Olówó tó ń ná ọjà, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n lówó.

1959 ni ilé náà bọ́ sọ́wọ́ National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin sì dáàbò bò ó báyìí, kò sẹ́ni tó lè déédéé pààrọ̀ gíláàsì kan níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ máa rí i pé wọ́n máa ń fa kọ́tìnnì bo fèrèsé torí kí oòrùn má bàa ba àwọn aṣọ yẹn jẹ́. Tẹ́ ẹ bá gba mọ́tọ̀wéè M1 kọjá, ilé náà hàn lórí òkè, táwà mẹ́fà, lẹ́tà ES tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ wà lórí ẹ̀, Elizabeth Shrewsbury nìyẹn, ìyẹn Bess fúnra ẹ̀, kì í ṣe ọbabìnrin. Ẹ ní kí ọmọ yín wá fèrèsé irọ́ yẹn tẹ́ ẹ bá dúró níbẹ̀.