Ṣé Kí N Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Nítorí Póókà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń ta póókà, eré káàdì olówó, lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èrè ni mo sì ń jẹ. Lóṣù tó kọjá, ohun tí mo jẹ ju owó oṣù mi lọ. Ṣé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n gbájú mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀. N kò sọ pé o kò mọ̀ ọ́n ta o. Oṣù mẹ́fà ni kò tíì tó láti fi mọ̀.

Ká ní A méjì (káàdì tó ga jù) wà lọ́wọ́ rẹ, K méjì (èyí tó tẹ̀ lé e) wà lọ́wọ́ ẹni tó kọjú sí ọ, ẹ̀yin méjèèjì sì ti gbogbo owó yín sáàárín kí káàdì kankan nínú àwọn tí ẹ jọ máa lò tó bọ́ sórí tábìlì. Nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà, nǹkan bí ìgbà 82 ni wàá jẹ. Ìgbà 18 tó kù, o ṣe ohun tó tọ́, owó ṣì lọ. Irú àdánù bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ sínú oṣù kan ṣoṣo. Ó sì lè pẹ́ kó tó dé, kí o ti máa rò pé o ti mọ iṣẹ́. Ó ṣe mí rí. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pàdánù. Mo padà yẹ gbogbo ìpín (ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pín káàdì) tí mo ta wò lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe tí mo rí kò tó nǹkan. Bí kì í bá ṣe pé owó ilé àti owó oúnjẹ wà lọ́tọ̀, ǹ bá ti wọ gbèsè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ìpín, tí n kì í ka oṣù. N kì í gba èrè ẹnikẹ́ni gbọ́ títí yóò fi pé ìpín 100,000. Ra ìwé kan: ọjọ́, wákàtí, iye ìpín, owó tí o gbé jókòó, owó tí o gbé dìde. Má fo ọjọ́ tí o pàdánù.

Ojú owó póókà, ìyẹn owó tí o yà sọ́tọ̀ fún káàdì nìkan, kò gbọdọ̀ bá owó ilé pàdé láéláé. Owó tí mo ń gbé jókòó kì í ju ìdá kan nínú 50 ojú owó mi lọ. Ti ìdíje, ìdá kan nínú 100 ni, torí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wọ̀ ọ́ ni kì í rí nǹkan kan gbà.

Má sì jẹ́ kí iye tí wọ́n ń pariwo tàn ọ́. Lọ́dún 1997, Stu Ungar, atapóókà ará Amẹ́ríkà, gba dọ́là mílíọ̀nù kan nínú ìdíje àgbà (Main Event) ti World Series of Poker, àwọn ìdíje póókà ọdọọdún, ìgbà kẹta tí yóò borí nínú ìdíje àgbà náà. Ṣùgbọ́n Billy Baxter, atapóókà bíi tirẹ̀, ló san 10,000 dọ́là ìwọlé fún un, méjì ni wọ́n sì pín owó náà sí. Ìwọ̀nba tó kù sí i lọ́wọ́ kò pẹ́: tẹ́tẹ́ eré ìdárayá àti oògùn olóró gbé e lọ, ó sì kú ní 1998 láìní nǹkan kan. Kò sí ẹni tó ní kò mọ káàdì.

Wádìí òfin àti owó orí ibi tí o ń gbé. Tí o bá ti yáwó ta á rí, dúró ná, kí o sọ fún mi. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, máa lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí ìpín bá pé 100,000, gbé ìwé náà wá, ká jọ ṣí i.