Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ojú ọjọ́: ṣé iṣẹ́ ń bẹ nídìí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọmọ mi tó ń múra ìdánwò JAMB sọ pé ojú ọjọ́ tàbí òkun ni òun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì. Ní tèmi àti bàbá rẹ̀, iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù wá. Kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ gan-an, kí ni ó sì lè fi jẹun? Ìyá kan, Abẹ́òkúta.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn ọmọ, ìyá wa. Orúkọ tí àwọn yunifásítì ń pe ẹ̀kọ́ yìí pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń wádìí, ìyẹn bí ilẹ̀, òkun àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn. Ẹ wo bí òjò ṣe máa ń dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ wa ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí àgbẹ̀ sì ń retí àrọ̀kúrò. Ní àkókò yẹn, agbègbè tí òjò ti ń rọ̀ jù ti sún lọ sí òkè Ọya, omi tútù sì ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etíkun Gánà àti Ivory Coast. Afẹ́fẹ́ tí ó bá gba orí omi tútù kọjá kì í fẹ́ gbéra sókè, nítorí náà ìkùukùu lè bo ojú ọ̀run láti àárọ̀ dalẹ́ kí òjò gidi má sì rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí òjò yóò padà ní láti mọ òkun bí ó ti mọ òfurufú.

Ní ti iṣẹ́ ẹnjiníà tí ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí Bar Beach. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta bí ògiri sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó, kí ọkọ̀ òkun má baà rì sórí iyanrìn bí ó bá ń wọlé. Ògiri náà ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun a máa kó iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní etíkun wa, ògiri yìí ló sì wá dá iyanrìn náà dúró. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ń kún sí i, Bar Beach tó wà ní ìhà kejì kò rí iyanrìn tuntun gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ wọ ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ìmọ̀ tí ọmọ yín ń wá yìí ni ẹnjiníà ń gbára lé kí ó tó da kọnkéré sílẹ̀, nítorí náà mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi kà á sí ẹ̀kọ́ tí kò ní láárí.

Orúkọ ẹ̀ka nìkan kọ́ ni kí ó tẹ̀ lé. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ojú ọjọ́ dá dúró, ti òkun náà dá dúró, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Ní Yunifásítì Èkó, ẹ̀kọ́ òkun fì sí ohun abẹ̀mí inú omi àti ẹja. Ẹni tí ìgbì àti iyanrìn wù, tó sì bá ara rẹ̀ nídìí ẹja, yóò kábàámọ̀. Kí ó ka ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ọdún kọ̀ọ̀kan kó tó yan ibì kan, kí ó sì yẹ ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB wò fún àwọn ẹ̀kọ́ ìdánwò tí ibẹ̀ ń béèrè. Ìṣirò àti físíìsì ni òpó ìmọ̀ ojú ọjọ́. Bí ìṣirò bá ń sá fún un, kí ó tètè sọ.

Ní ti iṣẹ́, n kò ní tàn yín. Ìjọba ló gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, pàápàá NiMet, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń wo ojú ọjọ́ fún pápákọ̀ òfurufú tọ̀sán tòru, tó sì ń kéde bí òjò ọdún yóò ṣe rí. Àyè ibẹ̀ kò tó gbogbo ẹni tó ń jáde. Èyí tó bá mọ bí a ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò ló máa ń rí iṣẹ́ níbòmíràn. Ní ti ìmọ̀ ilẹ̀ (geology), tó jẹ́ ìbátan wọn, iṣẹ́ ibẹ̀ gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ: yàtọ̀ sí epo rọ̀bì àti ìwakùsà, orí àpáta líle ni púpọ̀ nínú Abẹ́òkúta wà, ẹni tó bá sì gbẹ́ kànga ẹ̀rọ níbẹ̀ láìjẹ́ pé onímọ̀ kọ́kọ́ fi iná mànàmáná yẹ inú ilẹ̀ wò, ó lè sanwó kó má rí omi.

Kí ẹ tó bá a jà tàbí gbà fún un, ẹ ní kí ó gbé agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ dọ́gba sí gbangba, kí ó máa fi rúlà wọn omi òjò láràárọ̀ fún oṣù kan, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mìlímítà kan nínú agolo túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tí ìbú àti òòró rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tó ṣì ń kọ ọ́, tó tún ń ṣàròyé pé ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé yín ń ba ìwọ̀n òun jẹ́, ẹ fún un lówó fọ́ọ̀mù.