Má Sọ Oṣù Mẹ́fà Di Ọdún Kan Lórí Fọ́ọ̀mù Káàdì

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ kàn mí lára gan-an. O ní àjẹ́ńsì ló rán ọ lọ síbi iṣẹ́ tí o wà báyìí ní Amẹ́ríkà, $20 ni wọ́n ń san fún wákàtí kan, oṣù mẹ́fà péré sì ni kọ́ńtíráàtì náà. Fọ́ọ̀mù káàdì kirẹ́díìtì wá ń béèrè iye tó ń wọlé fún ọ lọ́dún, ọ̀rẹ́ rẹ kan sì ní kí o kàn fi wákàtí 40 àti ọ̀sẹ̀ 52 ṣe ìṣirò, kí o kọ $41,600. Jọ̀wọ́, má kọ ọ́. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn, ọdún méjì gbáko ló sì gbà mí kí n tó bọ́ nínú ẹ̀.

Ilé ìkẹ́rù ńlá kan ni àjẹ́ńsì tèmi rán mi lọ. $18 ni wákàtí kan. Mo ṣe ìṣirò lórí fóònù mi: wákàtí 40, $720 lọ́sẹ̀, $37,440 lọ́dún. N kò rò ó pé irọ́ ni mò ń pa, nítorí iye tí wọ́n ń san fún mi gan-an ni mo fi ṣe ìṣirò. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ agbanisíṣẹ́, mo kọ orúkọ ilé ìkẹ́rù yẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí mo tún fi gba káàdì kejì níbòmíràn, iye kan náà ni mo kọ.

Ọ̀sẹ̀ 17 ni iṣẹ́ náà fi wà. Ọjọ́ Ẹtì kan ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé ká má wá mọ́ lọ́jọ́ Ajé. $12,240 ni gbogbo owó tí iṣẹ́ yẹn mú wọlé, kí wọ́n tó yọ owó orí pàápàá. Àmọ́ káàdì méjì ti wà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀n ẹni tó ń gba $37,440 ni wọ́n sì fi díwọ̀n gbèsè tí mo lè jẹ lórí wọn. Oṣù méjì ni mo fi wá iṣẹ́ mìíràn. Káàdì ni mo fi ra oúnjẹ, òun ni mo fi san owó iná àti fóònù, òun náà ni mo fi tún mọ́tò ṣe.

Ilé iṣẹ́ tó fún mi ní káàdì àkọ́kọ́ rí i pé gbèsè náà ń ga sí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí yẹ̀ mí wò. Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 4506-C, èyí tó máa jẹ́ kí IRS, àjọ tó ń gba owó orí, fi àkọsílẹ̀ owó tí mo kéde fún ìjọba hàn wọ́n. Wọ́n pe ilé ìkẹ́rù, àwọn yẹn sì ní àwọn kò ní òṣìṣẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí àjẹ́ńsì ló ń san owó mi, orúkọ àjẹ́ńsì ló sì wà lórí W-2 mi, ìyẹn ìwé tí agbanisíṣẹ́ fi ń sọ iye tó san fún èèyàn lọ́dún. Lójú ẹni tó ń yẹ ìwé wò, mo purọ́ owó, mo tún purọ́ iṣẹ́. Wọ́n ti káàdì náà pa. Gbèsè orí ẹ̀ kò bá a lọ o. Èlé ń gun orí èlé. Èyí tó kù ti kún dẹ́nu, credit score mi, ìyẹn máàkì tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń san gbèsè sí, sì já wálẹ̀. Ojú tì mí débi pé oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà sínú kí n tó lè sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn. N kò fẹ́ kí o gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í béèrè ẹ̀rí lọ́jọ́ tí o kọ fọ́ọ̀mù. Ohun tí o bá kọ ni wọ́n á gbà. Àmọ́ ó ti wà lákọsílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ rẹ. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà, 18 U.S.C. 1014, ka mímọ̀ọ́mọ̀ purọ́ láti rí àwìn gbà lọ́wọ́ báńkì sí ọ̀ràn. Ìjìyà tó ga jù níbẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún 30 àti owó ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là. N kò sọ pé wọ́n máa gbé ẹni tó ṣèèṣì ṣi ìṣirò ṣe, torí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni òfin náà ń bá wí. Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ni. Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í sọ: bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí o lọ sílé ẹjọ́ láti kéde pé agbára rẹ kò ká a mọ́, ẹni tó yá ọ lówó lè bẹ adájọ́ pé kó má fagi lé gbèsè tí o fi ìwé irọ́ gbà.

Ohun tí èmi máa kọ bí mo bá wà nípò rẹ nìyí. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 26, ní $20: $20,800 ni kọ́ńtíráàtì náà lè mú wá látòkèdélẹ̀. Bí o bá ṣiṣẹ́ mìíràn ní oṣù mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀, tí ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lórí pay stub (ìwé tó ń bá owó iṣẹ́ wá) tàbí W-2, fi kún un. Kò gbọ́dọ̀ ju ìyẹn lọ. Má ka overtime tí wọn kò tíì fún ọ ṣe. Má sì gbé ìṣirò lé ìlérí pé wọ́n lè sọ yín di òṣìṣẹ́ tó dúró gbọn-in. Ibi iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ti gbọ́ ìlérí yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń ti ọ̀dọ̀ àjẹ́ńsì kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀nà kan wà tó rọrùn jù. Wo ibi tí wọ́n kọ YTD sí lórí pay stub rẹ, ìyẹn àpapọ̀ owó tí o ti gbà láti oṣù kìíní. Ro ti gbogbo àjẹ́ńsì tó sanwó fún ọ lọ́dún náà pọ̀. Lẹ́yìn náà, pín in sí iye ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá nínú ọdún. Kì í ṣe iye ọ̀sẹ̀ tí o ṣiṣẹ́ o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Kí o wá sọ èyí tó bá jáde di ìlọ́po 52. Nígbà tí mo san gbèsè tán tí mo tún fẹ́ gba káàdì, ìparí oṣù kẹfà ni, $10,650 ni mo sì ti gbà. Mo pín in sí 26, mo sọ ọ́ di ìlọ́po 52, ó jẹ́ $21,300. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí mo fi jókòó sílé láìríṣẹ́ ti wà nínú iye yẹn, n kò nílò láti máa méfò.

Owó kí wọ́n tó yọ owó orí ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù ń béèrè, àmọ́ ka ìbéèrè náà dáadáa kí o tó dáhùn. Bí 1099 ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ, ìyẹn bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, èmi gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o yọ owó epo, irinṣẹ́ àti ìnáwó iṣẹ́ yòókù kúrò, kí o kọ èyí tó ṣẹ́ kù. Níbi orúkọ agbanisíṣẹ́, orúkọ àjẹ́ńsì tó ń sanwó fún ọ ni kí o kọ.

O tún béèrè bóyá o lè ka owó ìyàwó rẹ mọ́ ọn. Bí o bá ti pé ọdún 21, bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún 2013 ni CFPB, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó, tún òfin náà ṣe: ẹni tó ti pé 21 lè ka owó tí ìdí gúnmọ́ wà láti gbà pé ọwọ́ rẹ̀ lè tó, irú bí owó oṣù ìyàwó tó ń wọ àkáǹtì tí ẹ jọ ń ná. Ẹni tí kò tíì pé 21, owó tirẹ̀ nìkan ló lè kọ. Àmọ́ jọ̀wọ́, jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ̀ kí o tó kọ ọ́. Òógùn ojú rẹ̀ ni.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé wọ́n á kọ̀ ọ́ bí iye náà bá kéré. Owó tó ń wọlé kò sí lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò credit score rẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé bí o bá ti ń san gbèsè lásìkò, owó kékeré kò ba ìyẹn jẹ́. Òfin Equal Credit Opportunity Act ti 1974 sì wà: wọn kò gbọ́dọ̀ fojú tín-ínrín owó rẹ kìkì nítorí pé iṣẹ́ tí kì í gba gbogbo ọjọ́ ló ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wò ó bóyá owó náà máa tẹ̀ síwájú. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ọ láàárín ọjọ́ 30, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ohun tó wà nínú credit report rẹ (àkọsílẹ̀ bí o ṣe ń yá owó àti bí o ṣe ń san án) ni wọ́n torí ẹ̀ kọ̀ ọ́, o lè gba ẹ̀dà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ọjọ́ 60. Ṣùgbọ́n má torí ìbínú lọ kọ fọ́ọ̀mù sí ibi márùn-ún lọ́jọ́ kan náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá yẹ̀ ọ́ wò torí fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ló ń hàn nínú credit report rẹ fún ọdún méjì.

Nígbà tí mo kọ $21,300 yẹn, $500 péré ni wọ́n gbà kí n lè jẹ lórí káàdì náà. Ó dùn mí díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Oṣù kẹta lẹ́yìn ẹ̀, iṣẹ́ àjẹ́ńsì tún parí lójijì. $340 ni gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn mi, owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tí mo rí lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fi san án tán.