Kí ló dé tí àwọn ará Róòmù fi ní kí ẹfun ìkọ́lé pé ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó lò ó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé òfin kan wà ní Róòmù àtijọ́ pé agbaṣẹ́ṣe kò gbọdọ̀ fi ẹfun tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kọ́lé. Ṣé èèwọ̀ lásán ni, àbí ó nídìí?

Ìdáhùn: Ó nídìí, kódà ìdí méjì ni. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù tó kú lọ́dún 79 nígbà tí Vesuvius, òkè ayọnáyèéfín kan ní Ítálì, bú gbàù, ló kọ òfin náà sílẹ̀, òfin àtijọ́ ló sì pè é nígbà ayé tirẹ̀. Ó ní ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ògiri àwọn ará àtijọ́ sán.

Kì í ṣe ẹfun Ọbàtálá là ń wí o. Òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n ń jó nínú iléru tó gbóná tó 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Kábọ́nì dáyọ́sáìdì á jáde lára rẹ̀, 100 kílò òkúta tó mọ́ á ku 56. Bí wọ́n bá da omi sí i, á hó yaya, á sì di funfun kíki. Wọ́n á kó o sínú kòtò, wọ́n á fi omi bò ó bí ìyá elẹ́kọ ṣe ń fi omi bo ògì.

Afẹ́fẹ́ ni wọn ò fẹ́ kó kàn án. Omi ló ń mú sìmẹ́ńtì le, àní lábẹ́ odò pàápàá. Ní ti ẹfun, kábọ́nì dáyọ́sáìdì tó sọ nù nínú iná ló máa ń gbà padà látinú afẹ́fẹ́, tí á fi tún di òkúta. Gáàsì náà kò sì ju nǹkan bí 0.04 nínú 100 afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà inú ògiri tó nípọn lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó le. Bí ògiri bá gbẹ jù, kò ní le; bí omi bá sì kún inú rẹ̀, kò ní tètè le, torí gáàsì kì í yára gba inú omi kọjá.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ọdún mẹ́ta yẹn. Ìdí àkọ́kọ́, àwọn bírìkìlà ayé ọjọ́un mọ̀ ọ́n dáadáa. Iná iléru wọn kì í dọ́gba, àwọn ẹ̀kúfọ́ kan á jó kọjá bó ṣe yẹ, omi kì í sì í tètè wọ irú wọn. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ mọ́ ògiri báyẹn, ibẹ̀ ni á ti mu omi, tí á wú, tí á sì ru ògiri jáde ní kókókókó. Vitruvius, ará Róòmù kan tó kọ ìwé nípa ilé kíkọ́, kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dán an wò: kí wọ́n fi ọkọ́ ṣá ẹfun inú kòtò bí ẹni ń la igi. Bí ọkọ́ bá kan kókó, kò tíì tó lò. Bí irin bá jáde ní gbígbẹ láìní ìdọ̀tí, òùngbẹ ṣì ń gbẹ ẹfun náà. Àfi tó bá lẹ̀ mọ́ irin típẹ́típẹ́.

Ìdí kejì, ojú lásán kò lè rí i. Lọ́dún 1998, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Carlos Rodriguez-Navarro, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí ẹfun bá ti ń pẹ́ lábẹ́ omi, àwọn hóró rẹ̀ tó rí gbọọrọ tẹ́lẹ̀ á máa jẹrà, wọ́n á di pẹlẹbẹ wẹ́wẹ́. Hóró wẹ́wẹ́ máa ń di omi mú, ó rọrùn láti fi rẹ́ ògiri, afẹ́fẹ́ sì máa ń tètè rí ara rẹ̀ mú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ń le? Spectroscopy ni. Wọ́n á họ ìyẹ̀fun díẹ̀ lára ògiri, wọ́n á tan ìtànṣán infrared, èyí tí ojú kò lè rí, sí i, wọ́n á wo èyí tó gbé mì. Ẹfun tí kò tíì le máa ń gbé ìtànṣán mì níbi tí ìgbì 3640 ti wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Èyí tó ti di òkúta, níbi 1420, 875 àti 713. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, àmì ti 3640 á máa rẹlẹ̀, àmì àwọn yòókù á máa ga. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé nígbà mìíràn, 713 kì í yọjú ní ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọn yòókù tilẹ̀ ti yọ: òkúta ti ń dá, ṣùgbọ́n àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì tò. Bí wọ́n bá tò tán, 713 á yọ. Bí wọ́n bá sì họ ojú ògiri, tí wọ́n tún họ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n lè rí i pé òkúta ni òde, nígbà tí 3640 ṣì wà nínú.

Ṣé dandan ni kó pé ọdún mẹ́ta géérégé? Lójú tèmi, iye tó rọrùn fún alábòójútó láti fi mú agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n yàn. Ẹfun tí wọ́n jó dáadáa, tí wọ́n sì sẹ́, lè wúlò kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn lọ ra ẹfun gbígbẹ inú àpò kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta o. Afẹ́fẹ́ á wọ àpò, á sọ ọ́ di òkúta kí ẹ tó lò ó. Bí ẹ bá tilẹ̀ rẹ ẹ́ sómi lẹ́yìn náà, kò ní rí bíi ti inú kòtò, torí àwọn hóró rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n gbẹ, wọn kì í sì í tú ká mọ́.